Àlàfo Ara Ògiri Balùwẹ̀ Wa

Bí ènìyàn bá lọ ra táìsì balùwẹ̀, orí táìsì náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ máa ń dá lé: àwọ̀ rẹ̀, bí ó ṣe ń dán, òdòdó tí wọ́n yà sí i lára, iye tí wọ́n ń ta páálí kan. N kò tíì rí ẹni tí ó dé ṣọ́ọ̀bù tí ó kọ́kọ́ bèèrè ohun tí yóò fi dí àlàfo tí ó wà láàárín táìsì kan sí èkejì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi kì í gba ojú táìsì wọ ara ògiri. Amọ̀ tí a sun nínú iná ni táìsì, a sì ti fi ohun tí ó ń dán bí gíláàsì bò ó lójú. Omi yóò kàn ṣàn kọjá lórí rẹ̀ ni. Àlàfo tóóró, tí kò ju mìlímítà 3 lọ, ni omi ń wá.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́, ni àwọn àgbà wí. Ó dà bí ẹni pé àwọn tí ó pa òwe yẹn kò ní balùwẹ̀ nínú ilé. Ká ní wọ́n ní in ni, omi ni wọn ì bá fi rọ́pò aláǹgbá, nítorí pé aláǹgbá a máa jáde padà.

Ilé ìyá bàbá mi wà ní Mọ́níyà, ní Ìbàdàn, níbi tí ọkọ̀ ojú irin tí ó ń bọ̀ láti Èkó ń dé sí. Láti ìgbà tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán ni mo ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Iṣẹ́ ìwé kíkọ tí mo ń ṣe kò ní ọ́fíìsì, nítorí náà èmi ni ẹbí fi ti Màmá Àgbà. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n máa rìn káàkiri mọ́, ṣùgbọ́n yàrá wọn ní fèrèsé kan tí ó kọjú sí ojú títì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kí gbogbo àdúgbò: ìyá ẹlẹ́kọ, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọlọ́kadà tí ń dúró de èrò. Ẹni tí kò bá kí wọn kó tó kọjá, wọn yóò pè é padà. Fèrèsé yẹn ni ọjà wọn, òun náà ni ilé ìpàdé wọn.

Ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàárín yàrá náà àti balùwẹ̀. Nígbà tí òjò ọdún tó kọjá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni ọ̀dà ara ògiri yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wú níhà yàrá, tí ó ń ṣí bí awọ tí oòrùn pa. Nígbà tí mo fi ọwọ́ hó o, mo rí i pé abẹ́ rẹ̀ ti bu, ó dúdú bí búrẹ́dì tí ó pẹ́ nílẹ̀. Ikọ́ Màmá Àgbà, tí ó máa ń wá tí ó sì máa ń lọ, wá jókòó pa. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde ní ọdún 2009 lórí ọ̀rinrin inú ilé àti ohun tí ó máa ń hù lára ògiri tí ó bá tutù. Wọ́n ní ó máa ń dá kún ikọ́, ikọ́ fée àti àìlèmí dáadáa. Dókítà tí ó yẹ̀ wọ́n wò kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí a gbẹ ògiri, tàbí kí a gbé ìyá kúrò nídìí ògiri.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Mọ́kọlá, mú èyí tí ó kẹ́yìn. Yàrá kan ṣófo lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n ní kí a tún un ṣe, kí Màmá Àgbà kó lọ síbẹ̀ kí òjò ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún jẹ́ fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Bí wọ́n bá gòkè lọ́jọ́ náà, ó di ọjọ́ ayẹyẹ kí wọ́n tó tún sọ̀ kalẹ̀, fèrèsé òkè náà kò sì kọjú sí nǹkan kan ju òrùlé ilé kejì lọ. Màmá Àgbà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán lórí fóònù, wọ́n ní, “Ẹ fẹ́ gbé mi gòkè kí n lè sún mọ́ ọ̀run díẹ̀ sí i, àbí?” Dádì Mọ́kọlá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò yí ọ̀rọ̀ wọn padà.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ ibi tí omi ti ń wá. Púlọ́mbà dé, ó pọn omi kún tánkì, ó sì ti gbogbo ẹ̀rọ pa mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi kò dín. Páìpù kò jò. Mo wá ra ọ̀rá fífẹ̀, mo fi bo ìdajì ògiri náà níhà balùwẹ̀, mo sì fi tépù lẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbọn-in. Ìdajì kejì wà ní ìhòòhò. Níhà yàrá, mo fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí ojú ibi tí ó tutù ká. A fi ọ̀sẹ̀ méjì wẹ̀ bẹ́ẹ̀. Níbi tí ọ̀rá wà, ọ̀rinrin náà sún kúrò lẹ́bàá ìlà, ó ń gbẹ. Níbi tí kò sí ọ̀rá, ó ti ré kọjá ìlà ní ìka méjì. Kò tún sí ohun tí a ń jiyàn lé lórí mọ́. Omi ìwẹ̀ ni, ojú àlàfo táìsì ni ó sì ń gbà.

Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo lọ wò wọ́n dáadáa. Ẹni tí ó lẹ táìsì náà ní bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ti po sìmẹ́ńtì funfun bí ògì, ó sì fi àkísà nù ún kọjá lójú àlàfo. Sìmẹ́ńtì funfun kì í ṣe ohun burúkú. Ọmọ ìyá sìmẹ́ńtì tí a fi ń mọ ilé ni. Èròjà irin inú rẹ̀ ni ó kéré tí àwọ̀ rẹ̀ kò fi dúdú. Omi tí ó pọ̀ jù ni ẹjọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ̀nba omi ni sìmẹ́ńtì ń lò láti fi dì. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù yóò fà lọ, yóò sì fi ihò tíntìntín sílẹ̀ níbi tí ó ti kúrò. Bí ihò bá ti pọ̀, ohun tí ó kù á sún kì, á sán, á sì máa já bọ́ díẹ̀díẹ̀. Lára ògiri wa, àwọn ibì kan wà tí èékánná mi wọlé pátápátá.

Bíríkìlà tí mo pè wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Àǹtí, ká fọ́ gbogbo ẹ̀ kúrò ká tún un lẹ̀ ni.” Owó tí ó dá lé e ju owó àpilẹ̀kọ mẹ́ta mi lọ, a kò sì tíì ra táìsì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó lọ tán, mo mú ìdí ṣíbí, mo sì ń kan táìsì kọ̀ọ̀kan lára. Èyí tí ó bá lẹ̀ dáadáa yóò dún gan-in. Èyí tí ó ti ṣí lẹ́yìn yóò dún bí igbá òfìfo. Gbogbo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì péré ni ó dún bí igbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kan táìsì yín wò kí ẹ tó gbà kí ẹnikẹ́ni fi òòlù bà á.

Mo pinnu láti ṣe é fúnra mi. Dádì Mọ́kọlá ní, “Ìwọ? Iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn. Yorùbá tí o kà ní yunifásítì, ṣé bíríkìlà wà nínú ẹ̀ ni?” Mo ní, “Ẹ má bínú sà, kò sí nínú ẹ̀.” Màmá Àgbà tí fóònù wà lọ́wọ́ wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wí jẹ́jẹ́ pé, “Ta ló ń rẹ́ ilé nígbà tiwa?”

Ìbéèrè yẹn ni mo ń gbé kiri láti ìgbà náà. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà, rẹ́ ilé, nínú ìwé; n kò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Abúlé kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti fẹ́ Màmá Àgbà sí. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin ni ó ń po amọ̀ tí ó ń mọ ògiri ní ìpele-ìpele, ṣùgbọ́n bí ògiri bá ti gbẹ, àwọn ọkùnrin ti parí tiwọn. Àwọn ìyàwó ilé ni yóò kóra jọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn yóò bu amọ̀ tí a ti jọ̀, wọn yóò fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ògiri látòkè délẹ̀ títí gbogbo ojú rẹ̀ yóò fi jọ́lọ̀, wọn yóò sì fi ìgbẹ́ màlúù àti omi ewé pa á kí ó lè ta omi dànù. Ibi tí ó bá sán ni wọ́n ń wá. Ọmọge tí ó bá fo ojú sísán kan dá, àwọn ìyàálé á mú un lọ wò ó ní ìdájí lẹ́yìn òjò.

Nígbà tí sìmẹ́ńtì dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Ilé iṣẹ́ Ewékorò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ńtì ní ọdún 1960. Màmá Àgbà ti wọlé ọkọ nígbà náà. Wọ́n ní ohun tí àwọn kọ́kọ́ rí ni pé bíríkìlà láti ìlú ńlá wá rẹ́ ilé olóyè kan, ó sì gba owó. Ó kù díẹ̀díẹ̀, àwọn obìnrin kò rẹ́ ilé mọ́. Kò sí ẹni tí ó ṣe ìpàdé lé e lórí. Ohun èlò ni ó yí padà, owó wọ inú rẹ̀, iṣẹ́ sì ṣí láti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tí ìran Dádì Mọ́kọlá fi dàgbà, ó ti di iṣẹ́ ọkùnrin láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ó wù mí kí n fi èyí kún un, bí ó tilẹ̀ jìnnà sí balùwẹ̀ díẹ̀. Ìtàn Ilé-Ifẹ̀ sọ pé obìnrin ni Ọ̀ọ̀ni Lúwòó tí ó pàṣẹ pé kí a fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà. Àwọn awalẹ̀pìtàn bíi Frank Willett, tí ó wa ilẹ̀ ní Ìta Yemòó, bá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀: wọ́n to àpáàdì ní ìnàró, etí rẹ̀ sókè, ọ̀kan fara ti èkejì pẹ́kípẹ́kí ní ẹ̀lọ́ ẹ̀lọ́ bí eegun ẹja, wọ́n sì to òkúta funfun wẹ́wẹ́ sí ibòmíràn láàárín wọn. Ẹni tí ó bá ti to táìsì rí yóò mọ̀ pé ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ yẹn ń ronú nípa àlàfo.

Mo wọn gbogbo ògiri: ó tó mítà 12 níbùú lóròó. Táìsì wa jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25 sí 40. Mo ṣírò rẹ̀ pé bí a bá so gbogbo ojú àlàfo náà pọ̀ ní ìlà kan, yóò gùn tó mítà 78. Mo rò pé irọ́ ni, mo tún un ṣírò. 78 náà ni. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni mo ní láti kọ́kọ́ họ kúrò, nítorí pé tuntun kì í dúró lórí èyí tí ó ti ń ṣí. Kò pọn dandan kí a họ ọ́ dé ògiri, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a họ ọ́ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta jíjìn rẹ̀. Abẹ ayùn pípa irin tí ó ti dá, tí mo fi aṣọ wé ní ìdí, ni mo lò. Mo fi ìbomú bo imú, nítorí eruku sìmẹ́ńtì kì í ṣe ohun tí a ń fà símú. Alẹ́ mẹ́fà gbáko ni mo fi họ ọ́. N kò ní pọ́n ọ̀rọ̀ náà lé: iṣẹ́ tí kò dùn ni, ọwọ́ ń dun ènìyàn, kò sì sí ohun tí ojú rí pé ó lẹ́wà títí tí yóò fi parí.

Mo yọ táìsì méjì tí ó dún bí igbá, mo fi gọ́ọ̀mù táìsì lẹ̀ wọ́n padà, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí 24. Lẹ́yìn náà ni mo lọ ra lẹ́búlẹ́bú tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní gíráọ̀tì, kílò 5. Sìmẹ́ńtì ni ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti po ohun tí ó ń jẹ́ kí ó di omi mú àti ohun tí ó ń jẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Màmá Àgbà tú àpò rẹ̀ wò, wọ́n fi ìka méjì rún un, wọ́n sì sọ ọ́ ní amọ̀ òyìnbó. Orúkọ tí a ń pè é nílé wa nìyẹn. Mo mú aláwọ̀ eérú. Ẹni tí ó bá kun ojú àlàfo balùwẹ̀ ní funfun ń ra ìfọṣọ sílẹ̀ de ara rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, Màmá Àgbà ní kí n gbé àga àwọn sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Oṣù kìíní ni, ọyẹ́ ń jà, ètè gbogbo wa ti sán. Mo bu omi sínú garawa kí n tó da lẹ́búlẹ́bú lé e, mo rò ó títí kò fi sí kókó, mo sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí n tó tún un rò. Kò gbọdọ̀ ṣàn bí ògì, kò sì gbọdọ̀ le bí ẹ̀bà. Bí òrí tí oòrùn ti rọ̀ díẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń pò ó, nítorí pé èyí tí ó bá ti ń dì nínú garawa, a kì í bu omi kún un. Mo bu àkọ́kọ́ sórí pátákó kékeré tí wọ́n fi rọ́bà tẹ́ lójú, mo gbé e dé ara ògiri, ohùn kan sì ti ẹ̀yìn mi wá.

“O ti fún ògiri lómi?”

Mo ní, “Rárá o, mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ ẹ́ ni.”

“Fún un lómi. Kì í ṣe kó máa kán o, kó ṣáà tutù. Ògiri tí òùngbẹ ń gbẹ yóò mu omi inú amọ̀ rẹ kí amọ̀ náà tó dì.”

Mo yí àpò gíráọ̀tì náà padà. Lẹ́yìn rẹ̀, ní lẹ́tà tín-ín-rín, wọ́n kọ ọ́ pé ní àkókò tí ooru tàbí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá wà, kí a fi omi tutù rin ojú àlàfo kí a tó dí i. Ohun tí ó fà á ni pé sìmẹ́ńtì kì í gbẹ bí aṣọ tí a sá. Omi àti sìmẹ́ńtì ń di ohun kan náà ni. Bí omi bá fi í sílẹ̀ ní kùtùkùtù, kò ní di òkúta mọ́. Yóò di ìyẹ̀fun tí ìka lè họ. Màmá Àgbà kò ka lẹ́yìn àpò kankan. Amọ̀ abúlé kì í sì í ṣe sìmẹ́ńtì, ṣùgbọ́n ògiri gbígbẹ ń jí omi àwọn méjèèjì mu bákan náà.

Láti ìgbà náà, àwọn ni ọ̀gá, èmi ni ọmọ iṣẹ́. Mo ń fi rọ́bà ti amọ̀ òyìnbó wọ inú àlàfo, mo ń fà á ní ìdábùú, kì í ṣe lọ́gbọọrọ pẹ̀lú àlàfo, kí etí rọ́bà má baà kó o jáde padà. Wọ́n ń fi ọ̀pá wọn tọ́ka: “Ibẹ̀ yẹn kò kún.” “Tẹ̀ ẹ́, má fi pa á lójú.” Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, mo mú ègé fóòmù, mo rì í sínú omi mímọ́, mo fún un dáadáa, mo sì nu ojú táìsì náà ní ìdábùú bákan náà. Fóòmù tí omi ń kán lára rẹ̀ yóò fọ iṣẹ́ yín lọ. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ mi ní gbogbo ìgbà, nítorí sìmẹ́ńtì tútù a máa jẹ awọ ara. Ohun tí ó funfun bí eérú ṣẹ́kù lójú táìsì lọ́jọ́ kejì, mo fi àkísà àdìrẹ gbígbẹ nù ún kúrò.

Igun tí ògiri méjì ti pàdé, àti ibi tí ògiri ti kan ilẹ̀, n kò fi amọ̀ òyìnbó dí wọn. Ìhà méjì tí ó pàdé níbẹ̀ kì í sún bákan náà nígbà ooru àti nígbà òtútù, ohun líle yóò sì sán láàárín wọn. Sílíkónì ni a ń fún síbẹ̀, nítorí pé ó ń nà bí rọ́bà. Bíríkìlà púpọ̀ ni kì í ṣe èyí. Bí ẹ bá pe ẹnìkan wá ṣe tiyín, ẹ bi í léèrè.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹnikẹ́ni kò wẹ̀ níbẹ̀. A ń pọn omi lọ sí ìwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, mo sì ń fi ike tí a fi ń wọ́n omi sára aṣọ tí a fẹ́ lọ̀ wọ́n omi fẹ́ẹ́rẹ́ sójú àlàfo ní àárọ̀ àti ní alẹ́, nítorí ọyẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo kun ohun olómi kan tí wọ́n fi ń pa ojú àlàfo, torí pé gíráọ̀tì tí ó dì dáadáa pàápàá ṣì lè mu omi díẹ̀. Màmá Àgbà ní ìgbẹ́ màlúù àti omi ewé náà nìyẹn. N kò rí ohun tí mo lè fi tako wọn.

Ògiri tí omi ti ń wọ̀ fún ọdún púpọ̀ kì í gbẹ ní ọjọ́ kan. Mo họ ọ̀dà tí ó ti bu kúrò níhà yàrá, mo fọ ibẹ̀, a sì ṣí fèrèsé sílẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń fa ìlà pẹ́ńsùlù tuntun, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ń bọ́ sínú èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, bí ìlà ilà ojú. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ìlà kò sún síta. Ikọ́ náà ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lóru, ṣùgbọ́n kò jókòó mọ́.

Nígbà ọdún Àjíǹde, Dádì Mọ́kọlá wá. Wọ́n wọ balùwẹ̀, wọ́n pẹ́ níbẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, wọ́n sì jáde wá bi mí bóyá mo lè wá wo balùwẹ̀ àlejò tiwọn. Kí n tó dáhùn, Màmá Àgbà ti sọ láti ojú fèrèsé pé owó bíríkìlà ni kí wọ́n san fún mi, kì í ṣe owó ọmọ. Yàrá òkè tí a ti tún ṣe náà, èlùbọ́ ni a sá síbẹ̀ báyìí.